Ìdọ̀bálẹ̀ ní Bẹ́kìrì Aduwawa

"Ṣèyíọlá, bá mi lé ọkùnrin yẹn jáde."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ nípa ọkọ mi nìyẹn, ìṣojú rẹ̀ ni mo sì ti sọ ọ́. Ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ ò mọ irú ọ̀sẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí.

Ìlú Benin ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkàrẹ́ ni bàbá mi. Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀ Jayéọlá ni, òun ló ni bẹ́kìrì tó wà ní Aduwawa, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Auchi. Èmi, Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni mo ń bójú tó búrẹ́dì títà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ tí a fi ń na ìyẹ̀fun tí a ti pò gbá ọwọ́ Comfort mú. Ọmọ Edo ni Comfort, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀, òun ló wà á lọ sí ọsibítù, òun ló san gbogbo owó, ó sì jókòó síta níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n tún ọwọ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ìka méjì kò lè ká mọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó ń fi Òyìnbó jẹ́jẹ́ bèèrè ẹni tó ń ṣàkóso. Ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oníbúrẹ́dì ló rán òun wá. Ibẹ̀ ni mo ti yíjú sí Ṣèyíọlá, awakọ̀ wa, tí mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè yẹn. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, kí àlejò má baà gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ni àlejò dáhùn, "ẹ má tíì lé mi. Láti Ekenwan Road ni mo ti ń bọ̀, inú mọ́tò sì gbóná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná."

Ṣèyíọlá fi páálí búrẹ́dì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fa àga fún ọkùnrin náà. Ẹ má rò pé inú mi ti yọ́ o. Ìtìjú lásán ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọlákúnlé, ọmọ Ọ̀wọ̀. Akọ̀wé tí ẹgbẹ́ ń rán káàkiri àwọn bẹ́kìrì ni.

"Bàbá mi ti san gbogbo owó ìwòsàn," ni mo fi ko ó lójú. "Kí ni ẹgbẹ́ yín tún ń wá?"

"A gbọ́. Ọlọ́run á san án padà fún wọn." Ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. "Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba kan wà tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Àjọ wo?"

"Ṣé ẹ ti fi irin bo ibi tí ẹ̀rọ yẹn ti ń gbá nǹkan mú?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to búrẹ́dì tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ṣé Comfort ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye tí wọ́n ń san fún un àti ìsinmi tó tọ́ sí i? Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ti fún èèyàn ní ìwé yẹn kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́."

"Bí ọmọ ni bàbá mi ṣe mú un. Ta ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Inú bàbá yín dára, mo gbà. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá sí níbí mọ́, tí ẹlòmíì bá jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí, ta ni Comfort fẹ́ lọ bá?"

Inú bí mi. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ó dìde, ó ra búrẹ́dì kan, ó ní kí n bá òun fi bọ́tà sí i. Mo ní a kì í ta bọ́tà. Ó ní kí n má bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti lọ tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì ń wò.

* * *

Sọ́ọ̀ṣì kan wà ní Ekenwan Road tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn lédè Yorùbá. Àǹtí Bọ́lánlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Iyaro, ti bẹ̀ mí títí pé kí n máa tẹ̀ lé òun lọ, àwáwí ni mo sì máa ń ṣe. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn, èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí.

"Kí ló dé?" Àǹtí bi mí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Mo fẹ́ lọ sí sọ́ọ̀ṣì."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo bàtà gíga tí mo wọ̀, kò sì tún bèèrè ohunkóhun mọ́.

Bí mo ṣe lérò látìgbà tó ti dárúkọ Ekenwan Road, Ọlákúnlé wà níbẹ̀, láàárín àwọn akọrin. Ohùn rẹ̀ kò dára. Ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn purọ́. Síbẹ̀ ó ń kọrin tọkàntọkàn bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run ń tẹ́tí sí, orin kejì kò sì tíì parí tí ọkàn mi fi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, a kì í tètè kúrò ní Ekenwan Road lẹ́yìn ìsìn. A jọ máa ń rìn, ó máa ń ra ẹ̀pà sísè, a ó máa pa á jẹ lọ. A fi ṣe àdéhùn láàárín ara wa pé a kò ní dárúkọ bẹ́kìrì. Á sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ l'Ọ́wọ̀, èmi á sọ fún un nípa màmá mi tó jẹ́ olùkọ́ l'Ákùrẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé. Bí a bá ti pínyà báyìí, inú mi á máa dùn títí di ọjọ́ Ajé. Bí ọjọ́ Ajé bá wá dé, ẹ̀rù á bà mí.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wa ti wọ ẹgbẹ́. Wọ́n ti yan Osaro, ẹni tó ń bójú tó ààrò, ṣe alága. Lẹ́tà ti ń lọ, lẹ́tà ti ń bọ̀, orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ló sì wà nísàlẹ̀ wọn. Bàbá mi fẹ́ lé Osaro lẹ́nu iṣẹ́. Ọlákúnlé kọ̀wé pé òfin kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti lé òṣìṣẹ́ torí pé ó wọ ẹgbẹ́. Bàbá mi kò lé e, ṣùgbọ́n kò tún kí i mọ́.

Lọ́jọ́ kan, n kò lè mú un mọ́ra. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi lo fẹ́, àbí bẹ́kìrì bàbá mi lo fẹ́ fi mí gbà?"

Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Bẹ́kìrì wo? Ṣúgà pọ̀ jù nínú búrẹ́dì yín. Ìwọ ni mo fẹ́, Motọ́lání." Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ le. "Mo ti sọ fún ọ̀gá mi lẹ́gbẹ́ pé mo fẹ́ràn ọmọ Jayéọlá, pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yín fún ẹlòmíì. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè bàbá yẹn. Mo sọ fún Osaro náà."

"O sọ fún Osaro! Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Secretary, love your love. But no carry our matter put inside.'"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Tí bàbá mi bá gbọ́ ńkọ́? Tó bá ní kí n yan ọ̀kan, ta ni mo fẹ́ yàn nínú ẹni tó bí mi àti ẹni tí mo fẹ́ bá bímọ?

* * *

Àǹtí Bọ́lánlé la rán sí bàbá mi. Òun nìkan ló lè pe bàbá mi ní Táyọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni a lọ, nígbà tí bàbá ń jẹun.

"Táyọ̀," Àǹtí ní, "ọkọ ti yọjú fún Motọ́lání."

Bàbá mi fi ṣíbí sílẹ̀. "Ọlọ́run, o ṣeun. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ó kàwé dáadáa, kì í mutí, akọrin sì ni ní sọ́ọ̀ṣì."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Àǹtí bu omi mu. Ó tún bu òmíràn.

"Àǹtí mi, mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Akọ̀wé ni."

"Akọ̀wé ní ibo?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó máa ń kọ lẹ́tà sí ẹ."

Ohun tí bàbá mi gbọ́ kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó dìde nídìí oúnjẹ. "Ọlákúnlé? Ẹni tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mi láti dojú kọ mí ni kí n fa ọmọ mi lé lọ́wọ́? Lọ́jọ́ tí mo gbé Comfort lọ sí ọsibítù, ẹgbẹ́ wo ló bá mi gbé e? Òfin wo ló bá mi wa ọkọ̀?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Àǹtí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bàbá mi rìn lọ, ó rìn bọ̀. Nígbà tó jókòó, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. "Ó dáa. A kò tíì rí ara wa sójú rí, lẹ́tà nìkan la fi ń jà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń bọ̀ wá bá mi ṣèpàdé níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ wo bó ṣe máa kí mi. Tó bá dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá na ọwọ́ sí mi bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní 'Mr Jayéọlá', kó lọ fẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́."

Mo rò pé ìyẹn rọrùn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Ọlákúnlé nílé Àǹtí ní Iyaro, ńṣe ló gbé orí lé ọwọ́.

"Kí ló dé?"

"Motọ́lání, mo ti ṣèlérí fún Osaro àtàwọn yòókù. Akọ̀wé kan ti wà rí tó lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá bẹ́kìrì kan níṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì ṣú tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi dòfo. Wọ́n ní kí n ṣèlérí pé n kò ní tẹ orí ba fún ọ̀gá kankan nídìí tábìlì. Ipò wọn ni mo dúró sí níbẹ̀. Tí àwọn ọmọ Edo yẹn bá rí mi tí mo na gbalaja sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa rò pé mò ń bẹ̀. Wọ́n á ní mo ti ta àwọn."

"Tí o kò bá sì dọ̀bálẹ̀, bàbá mi á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Kí lo máa wá ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Àǹtí Bọ́lánlé pòṣé. "Ẹ wo wàhálà, torí ìkíni lásán!" Ṣùgbọ́n òun náà kò rí ọ̀nà àbáyọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé, mo sì ń bínú sí gbogbo ayé. Mò ń bínú sí bàbá mi torí agídí rẹ̀. Mò ń bínú sí Ọlákúnlé náà, torí pé ìlérí tó ṣe fún àwọn ẹlòmíì ló ń dà á láàmú. Ṣé èmi kò tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ yẹ àdéhùn? Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ kankan títí Ọjọ́bọ̀ fi dé.

* * *

Wọ́n to tábìlì àti àga sí gbàgede níwájú ààrò. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró yí ká, ìyẹ̀fun ṣì wà lára épírọ́ọ̀nù wọn. Osaro ti jókòó, Ọlákúnlé dúró ti àga tirẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bàbá mi jáde láti ọ́fíìsì. Agbádá ló wọ̀, pẹ̀lú fìlà, ní bẹ́kìrì! Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bàbá ìyàwó ló múra báyẹn.

Ó dúró, kò jókòó. Ó ń wo Ọlákúnlé.

Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, Ọlákúnlé ti na tán sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tó dà síbẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní.

Ariwo sọ. "He don sell us!" Osaro fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Secretary! Wetin I tell you? Wetin I tell you about this table?" Àwọn kan ti ń tú épírọ́ọ̀nù. Ẹnì kan ní kí gbogbo èèyàn máa lọ, kí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò jóná síbẹ̀.

Bàbá mi wá ń rẹ́rìn-ín. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí Comfort ti fara pa. "Dìde, ọmọ mi, dìde. Ọ̀rọ̀ ti tán." Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Go back to work. We have settled it."

Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti rí ọkọ. Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sórí Comfort. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a kò tíì bò, kò pariwo bíi ti àwọn yòókù. Ńṣe ló rọra ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù. Ayọ̀ mi pòórá.

Ọlákúnlé dìde, gbogbo iwájú rẹ̀ funfun. Kò gbọn ìyẹ̀fun náà nù. Ó fa àga, ó sì jókòó kọjú sí bàbá mi.

"Ẹ ṣé, sà. Bàbá Motọ́lání ni mo kí yẹn, mo sì ti kí wọn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ọ̀gá bẹ́kìrì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí." Ó yíjú sẹ́yìn. "And make nobody leave bread make e burn! Una mix am, una go bring am out. Oga get him own duty, we get our own."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kí wọ́n bo ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Comfort tó àjọ ìjọba létí. Kí olúkúlùkù gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ ló ń ṣojú òṣìṣẹ́. Kò yọ ọ̀kankan sílẹ̀, kò sì bu ọ̀kankan kù.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú bàbá mi. "O dọ̀bálẹ̀ fún mi tán, o tún wá jókòó kọjú sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o mọ ohun tí o máa pàdánù?"

Ìgbà náà ni Ọlákúnlé wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Osaro kò gbọ́ Yorùbá, ara sì ń fu ú. "Wetin una two dey yarn?" Èmi ni mo rìn jáde láti ẹ̀yìn àga bàbá mi. Mo dúró sáàárín wọn.

"Na so we dey greet for our side," mo ní. "Even if person wan carry elder go court, he go prostrate first. He no beg my papa for anything."

"And wetin your papa talk now?"

Mo wo bàbá mi kí n tó dáhùn. "My papa say if he ask for all these things, he no go give me to am."

Comfort ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "So he greet your papa because of you, come still sit down because of me?"

"Yes."

Comfort yọ ọwọ́ lábẹ́ épírọ́ọ̀nù, ó fi gbé àga Osaro tó ṣubú dìde. "Chairman, abeg, sit down."

Osaro jókòó. Bàbá mi wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò mí pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó wọ ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò.

* * *

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí Àǹtí Bọ́lánlé fi wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó jókòó sí pálọ̀, kò tan tẹlifíṣọ̀n.

"Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e," ó sọ fún Àǹtí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi láṣọ. Kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Òfin, òfin, òfin. Ṣé àánú mi ò tó ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí kò tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, àánú yín tó," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí Comfort wá dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú yín níbí yìí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Inú yín dùn, inú tèmi náà dùn. Ẹ̀rọ wa ló ṣe é léṣe o, Bàbá. Òun ló tún wá kúnlẹ̀ fún wa."

Bàbá mi ń wo ilẹ̀ tí Comfort kúnlẹ̀ sí.

"Táyọ̀," Àǹtí ní, "ká ní ọmọ yẹn dìde nílẹ̀, tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ torí pé òun ti rí ìyàwó, ṣé wàá fún un lọ́mọ?"

Bàbá mi rò ó. "Láéláé. Ẹni tó lè ta àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí ni kò ní fi ọmọ mi ṣe?"

Àǹtí ń fi etí gèlè nu imú.

Bàbá mi ń kùn. "Ìyẹn ò ní kó wá jókòó kọjú sí mi bí adájọ́." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Irin tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ yẹn, wẹ́dà wo ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo sáré wọ yàrá kó má baà rí omijé mi.

Ní ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú wẹ́dà wá. Nígbà tí ìpàdé tún dé, ṣẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ọlákúnlé dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Bàbá mi gbà fún wọn, ó wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀: kí wọ́n máa tètè dé, kí ẹni tí kò bá lè wá máa sọ ṣáájú, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ ṣeré, kí ẹni tó ń jí yíìsì lọ sílé jáwọ́. Ọlákúnlé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìjiyàn, ó ní òtítọ́ ni, òfin di òṣìṣẹ́ náà mú. Osaro pòṣé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí yíìsì. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba wá wo ọwọ́ Comfort, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ó ti bọ́ sọ́dọ̀ mi níbi títà báyìí, ńṣe ló ń pàṣẹ fún mi bí ẹni pé òun ló bí mi.

Bàbá mi ti gbà fún gbogbo èèyàn, àfi èmi. Tí mo bá dárúkọ Ọlákúnlé, á ní, "Mo ṣì ń rò ó." Oṣù kan kọjá, òmíràn wọlé, ó ṣì ń rò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún àwọn òṣìṣẹ́ ló fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbà lọ́wọ́ mi.

* * *

Nígbà tí màmá mi wálé fún ìsinmi, òun ló bá wa sọ ọ́ tí bàbá fi gbà pé kí àwọn òbí Ọlákúnlé wá láti Ọ̀wọ̀. "Kí wọ́n wá jẹun," bàbá ní. "N kò sọ ju ìyẹn lọ."

Wọ́n dé. Bàbá Ọlákúnlé sọ̀rọ̀ dídùn, ìyá rẹ̀ sì ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá mi fajúro jókòó.

"Ẹgbẹ́ ńkọ́?" ó bi Ọlákúnlé lójijì.

Ọlákúnlé tún jókòó dáadáa. "Ẹgbẹ́ wà, sà, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé tí ẹ bá lè fún mi ní Motọ́lání, n kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ilé yìí kí n tún máa bá yín dúnàádúrà nítorí òṣìṣẹ́. Kò tọ́. Ẹlòmíì ló máa wá sí Aduwawa láti oṣù tó ń bọ̀."

"Ẹlòmíì wo?"

"Arábìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni, sà. Jùmọ̀kẹ́."

Bàbá mi nàró lórí àga. "Jùmọ̀kẹ́ wo? N kò fẹ́ Jùmọ̀kẹ́ kankan! Ọ̀rọ̀ ìsinmi ọdọọdún ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì parí. Ta ló ní kí wọ́n gbé ẹ kúrò? Ìwọ ni mo mọ̀ ọ́n bá jà!"

"Ẹ lè máa bá mi jà nílé, sà."

"Nílé kẹ̀! Tí o bá dé ilé yìí, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá jẹun, ohunkóhun tí mo bá sọ ni wàá ní 'bẹ́ẹ̀ ni, sà'. Ta ló ń bá àna rẹ̀ jà?"

Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Bọ́lánlé rọra bi í pé, "Táyọ̀, kí lo pè é?"

Bàbá mi wo Àǹtí, ó wo Ọlákúnlé, ó wá wò mí. Ẹ̀rín ti fẹ́ já lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi agídí dì í mú.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ẹ gbé oúnjẹ wá fún àna mi."